Mo Ṣe Òṣómàáló fún Yèyé Mi

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ wá sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà náà. Ẹ̀rù bà mí, torí àwọn kan ń sọ pé ẹni tó bá gbà á kò ní bímọ. Yèyé, ìyá màmá mi, ló fà mí lọ́wọ́ lọ. Wọ́n ní, "Ìrora kékeré tòní sàn ju ìrora ńlá tọ̀la lọ."

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àwọn náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní oṣù kẹwàá tó kọjá yìí, oṣù tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìkìlọ̀ nípa jẹjẹrẹ ọmú, mo ní kí Yèyé lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ní, "Ta ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá àrùn? Àtìgbà tí wọ́n ti dárúkọ ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, kò pẹ́ tó fi kú."

Mo mọ ọ̀rẹ́ wọn yẹn. Wọ́n jọ ń ta èlùbọ́ l'Ọjà Àtàkúnmọ̀sà ni. Ìyá náà rí kókó lọ́mú wọn, wọ́n fi aṣọ bò ó títí ó fi di egbò kí wọ́n tó lọ sí ọsibítù. Kì í ṣe orúkọ àrùn ló pa wọ́n. Wọ́n ti pẹ́ jù ni.

Mo bi Yèyé pé, "Bí ẹ bá fẹ́ ra èlùbọ́, ṣé ẹ kì í ki ọwọ́ bọ inú àpò wò ni? Ṣé ọwọ́ yín ló ń kó kòkòrò sí i?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò dìde.

Ìjẹ̀ṣà ni wá. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó títí wọn yóò fi gbà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wá ní Òṣómàáló. Nígbà tí a gba ìsinmi mid-term, mo lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá Yèyé. Mo ní, "Ẹ jẹ mí ní gbèsè ọdún 2023. Ẹ̀yin lẹ sìn mí lọ. Èmi náà fẹ́ sìn yín lọ."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní kí n lọ mú gèlè wọn wá.

Ní Wesley Guild, nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ yẹ ọmú wọn wò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró níbì kan. Yèyé gbá ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní kí a lọ ya sikáànì. Kí èsì tó jáde, Yèyé ò jẹun dáadáa. Nígbà tó jáde, kì í ṣe jẹjẹrẹ: omi ló wà nínú kókó náà.

Bí a ṣe ń padà sílé, Yèyé ní, "Kì í ṣe àyẹ̀wò ni mo ń bẹ̀rù. Kí n dá nìkan lọ ni."

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga ni ewu jẹjẹrẹ ń pọ̀ sí i. Ká kàn sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n lọ kò tó. Ẹ bá wọn lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ wa náà, ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò sìn yín lọ?