Ibi Tó Pá Níwájú Ilé

Ẹni tó bá dàgbà sí agboolé mọ̀ pé koríko kì í ṣe ohun tí à ń bẹ̀ kó wá sí àgbàlá. Ohun tí à ń lé jáde ni. Kílẹ̀ tó mọ́ tán, ọmọ ilé á ti gbálẹ̀ títí ipa ọwọ̀ á fi hàn lórí iyẹ̀pẹ̀. Ilé tí koríko bá hù níwájú rẹ̀, wọ́n á ní ṣé ahoro ni. Ẹ̀rù ejò tún wà ńbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ya ìyá mi nígbà tí wọ́n ti Ìsẹ́yìn wá kí wa n'Íbàdàn, tí wọ́n bá mi níbi tí mo lóṣòó sí, tí mo ń ri nǹkan mọ́lẹ̀.

"Àkànní, kí lo ń gbìn?"

"Koríko ni, Mà. Ibí yìí ti pá."

"Ó pá kẹ̀? Ó mọ́ ni!"

Mi ò bá wọn jiyàn. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló gbé pápá koríko wá síwájú ilé, ní àwọn GRA wọn. Nígbà tí òmìnira 1960 kù dẹ̀dẹ̀, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ Bódìjà, àṣà náà bá wọn débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ ní Bẹẹrẹ tàbí Òjé. Ìpìlẹ̀ tó yẹ kó wà lábẹ́ ilẹ̀ ti yọ síta, wọ́n ti fi àtẹ̀gùn kún àtẹ̀gùn lẹ́nu ọ̀nà. Ìlú olókè ni ìlú wa; ilẹ̀ tí a bá gbá láàárọ̀, àgbàrá á gbé nínú rẹ̀ lọ nírọ̀lẹ́. Gbòǹgbò koríko ló ń di iyẹ̀pẹ̀ mú. Ilé tèmi sì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mi ò lè fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Olódòdó tí mo ń bá rajà, ọmọ Kútọnu kan tó pàtẹ sétí títì, kì í ta koríko féèyàn láìkọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ló pa ti tẹ́lẹ̀?" Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn níye lórí ju gbogbo ajílẹ̀ tó ń tà lọ.

Nínú ọgbà kan ṣoṣo, ohun tó ń pa koríko pọ̀. Níbi tí mọ́tò ń dúró sí, táyà ti ki ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó le gbagidi débi pé omi á dúró lójú rẹ̀. Dígà la fi ń tú irú ìyẹn ká tó gbin ohunkóhun. Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: dísù tó ń kán sílẹ̀ ti wọ iyẹ̀pẹ̀ lọ, àfi kéèyàn gbẹ́ ẹ kúrò títí òórùn á fi tán, kó fi ilẹ̀ dúdú dí i.

Èyí tó máa ń wù mí wò jù ni ti ajá. Ó rí rogodo, àárín rẹ̀ gbẹ bí ẹni pé iná jó o, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ yí ká tutù yọ̀yọ̀, ó tilẹ̀ ga ju koríko tó kù lọ. Ìtọ̀ kan náà ló ṣe méjèèjì. Nítrójìn inú rẹ̀, bó bá mọ níwọ̀n, ajílẹ̀ ni. Bó bá pọ̀ lójú kan, májèlé ni. Bí mo bá ká ajá náà mọ́ ọn, omi ni mo máa ń dà tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tí kò tíì jẹrà náà ń jó koríko bẹ́ẹ̀.

Gbígbìn gan-an kò le. Mo máa ń bu koríko níbi tó ti ki, mo máa ń yà á sí ègé ègé, kí oríkèé méjì-mẹ́ta wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń yọ. Mo máa ń fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sáàárín wọn, mo máa ń fi gìgísẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́. Bójò bá ti ń rọ̀ dáadáa ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, iṣẹ́ yá. Ẹni tó bá dúró dìgbà ọyẹ́, òkú ló ń bomi rin.

Àwọn ibì kan wà tí mi ò fọwọ́ kàn. Níbi tí wọ́n ta kánópì sí nígbà ìsọmọlórúkọ, ewé ló pọ́n, oríkèé ṣì tutù. Yóò padà fúnra rẹ̀. Ti ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà láti géètì dé ilé ìdáná, ẹsẹ̀ ti gbà á lọ́wọ́ mi. Mo to òkúta pẹlẹbẹ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Ó ku abẹ́ máńgòrò. Bàhámà gráàsì kò lè gbé ibòòji, oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì gráàsì tí ewé rẹ̀ fẹ̀ á gbà á, ṣùgbọ́n abẹ́ igi yẹn ni àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù bí wọ́n bá tilé ìwé dé. Olódòdó ní tí mo bá fẹ́ kó hù, àfi kí n ní kí wọ́n lọ gbá a síbòmíràn. Mo ní ibo? Ó wo títì, ó wo àwọn ọ̀kadà tó ń sáré kọjá, ó ní kí n kúkú ra ti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò nìkan.