Fáànù Tí Kì Í Hó

Ohùn nìkan ló ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Bí mo bá ń gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí fáànù sì ń hó, etí wọn kò ní rí ìyàtọ̀ náà mú. Ìdí nìyí tí n kò fi fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú yíyan fáànù.

Omi ló ń gbé ooru kọ̀ǹpútà tèmi lọ sínú rèdíétọ̀. Àwọn irin pẹlẹbẹ inú rèdíétọ̀ sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Fáànù tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè tì í gba àárín wọn kọjá kò wúlò níbẹ̀. Agbára ìtì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe iná aláràbarà (èyí tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn jù!). Bí eré fáànù bá dín sí ìdajì, afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò dín sí ìdajì, agbára ìtì yóò ku ìdá kan nínú mẹ́rin, ariwo yóò sì lọ sílẹ̀ gidigidi.

Méjì ni mo rà, Noctua NF-A12x25 tó jáde ní 2018, oní-mìlímítà 120, tí eré rẹ̀ tó ga jù jẹ́ ìyípo 2000 ní ìṣẹ́jú kan. Ó wọ́n, n kò sẹ́. Gbígba ohùn sílẹ̀ kì í mú kọ̀ǹpútà gbóná púpọ̀, nítorí náà ìyípo 800 ti tó wọn.