Ojú Wa Rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Àjàṣẹ́

Kí oòrùn tó mú ni a ti kúrò ní Ìta-Ìjẹ̀bú. Ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wa. Àgbàlagbà kan ṣoṣo, ìyá kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nígbà ayé rẹ̀, ni ó bá wa lọ. A gba àárín oko ọ̀pẹ kọjá, a dorí kọ Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ń lọ ń jẹ́ orúkọ Alexandre Sènou Adandé, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ ìwé lórí ọ̀pá àṣẹ àwọn ọba Dahomey ní ọdún 1962.

Ilé alájà ni, tí a kọ́ ní àṣà ìgbà àwọn Faransé. Lókè, wọ́n to nǹkan gẹ́gẹ́ bí ìrìn ènìyàn láyé: ìbí, ìgbé-ayé, ikú. Aṣọ wà níbẹ̀, ìlù tí a gbẹ́ ọnà sí lára náà wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ ni àwọn ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà, níbẹ̀ sì ni ìyá wa dúró sí pẹ́ jù.

Ọmọbìnrin kan béèrè pé: “Ìyá, báwo ni oníjó ṣe ń fi èyí bojú tí ó fi ń ríran?”

Ìyá rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, a kì í fi bojú. Orí ni a ń gbé e lé bí fìlà. Aṣọ ni ó ń bo ojú oníjó, inú aṣọ náà ni ó sì ti ń wòran.”

Ó ṣàlàyé pé ọkùnrin ni ó ń jó o, ṣùgbọ́n ìró àti gèlè obìnrin ni wọ́n ń yá dira, nítorí àwọn ìyá wa ni a fi ijó náà ń yẹ́ sí. Lóru, Ẹ̀fẹ̀ a kọrin, a yin ẹni rere, a sì bá ọ̀bàyéjẹ́ wí. Lọ́sàn-án, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a jó, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa dá ìlù lóhùn. Ijó yìí ni UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo aráyé, tí ó sì wọ àkójọ rẹ̀ ní 2008, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò.

“Ṣé ère bàbá yín wà níbí?”

Ìyá kò tètè dáhùn. Ó ti wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ó wà ní kékeré ni wọ́n tà á fún oníṣòwò kan tí ń kiri agboolé. Ọkùnrin náà san owó, kò béèrè ẹni tí ó gbẹ́ ère náà, kò sì béèrè orin rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ohun ọba 26 padà fún Bẹ̀nẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó ní Abomey ní 1892. A mọ ọba tí ó ni ìtẹ́, a mọ ààfin tí ó ni ilẹ̀kùn. Nítorí náà ni a ṣe lè béèrè wọn. Ta ni yóò béèrè ère bàbá ìyá yìí? Ohun tí kò ní orúkọ, kò ní ẹni tí yóò pè é wálé.

Nínú ọkọ̀, bí a ti ń padà bọ̀, a fẹnu kò. Kí olúkúlùkù wa wọ agboolé rẹ̀, kí ó béèrè ère tí ó kù, ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, ẹni tí ó jó o, àti orin tí ó bá a rìn. Kí a kọ ọ́ ní Yorùbá, kí a kọ ọ́ ní Faransé, kí a sì gba ohùn àwọn àgbà sórí fóònù wa.

Àwọn àgbà ní, ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ère ni ojú tiwa rí ní Àjàṣẹ́; ijó rẹ̀ ṣì ń bẹ níwájú. Kí a tó dé Ìta-Ìjẹ̀bú, ìyá ti bẹ̀rẹ̀ orin bàbá rẹ̀, àwa sì ń gbè é.