Ọmọ méjì tí wọ́n tà lẹ́rú

Ẹ dákun, ẹ kà á tán kí ẹ tó kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀.

Ní kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ wa ní Àgbádárìgì níbí, n kì í fi ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni mo máa ń gbé síwájú wọn, kí wọ́n fúnra wọn tú u wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èèyàn méjì ni mo mú wá.

Ìkínní, Ajayi Crowther. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn. Wọ́n tiẹ̀ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì kàwé ní Freetown. Ní 1845, Àgbádárìgì yìí ló gúnlẹ̀ sí pẹ̀lú ìyìn rere.

Ìkejì, Seriki Williams Abass. Wọ́n ta òun náà ní kékeré. Nígbà tó dòmìnira, òwò ẹrú kan náà ló tún ń ṣe. Ilé oníyàrá 40 tó ń kó wọn sí ṣì wà níbí dòní.

Mo bi wọ́n pé, "Ìyà kan náà ló jẹ àwọn méjèèjì. Kí ló dé tí ọ̀nà wọn fi pín?"

Ariwo ta! Ọmọkùnrin kan ní ìwà burúkú ni, ó parí. Arábìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ dìde: "Pásítọ̀, ẹ má bínú o. Crowther rí ẹni gbà á. Ta ló gba Seriki?"

Gbogbo wa dákẹ́. Òótọ́ ló sọ. Mo ní, "Ìyẹn lè jẹ́ ká mọ bó ṣe dà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó tì mọ́lé."

Ìgbà yẹn ló wá sọ tiẹ̀, ó sì ní kí n sọ ọ́ fún yín láìdárúkọ. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá nà án tán, á ní, "Bí wọ́n ṣe nà mí kí n tó gba fírídọ́ọ̀mù nìyẹn."

Ẹ ò rí i! Ìtàn àtijọ́ ti wọ ṣọ́ọ̀bù lónìí. Wọ́n ta Jósẹ́fù náà, àmọ́ nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀, ó bọ́ àwọn tó tà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́ àbí ọmọ ọ̀dọ̀, ìyà tó jẹ yín kì í ṣe ogún tí ẹ gbọ́dọ̀ pín fún wọn. Ẹ̀yin aládùúgbò tí ẹ sì ń gbọ́ igbe ọmọ yẹn lálaalẹ́, ẹ dìde, ẹ lọ gbà á kí ọkàn òun náà tó yigbì.