Orúkọ Ìlú Lẹ́nu Àlejò

Ní 1885, aṣojú Gaiser, oníṣòwò ará Hamburg ní Jámánì, bá Amapetu, ọba Máhin nílẹ̀ Ìlàjẹ wa, ṣàdéhùn ilẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti fa ibẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Orúkọ tí àwọn ará Jámánì kọ sínú ìwé wọn kò tíì parẹ́: Mahinland. Wọ́n gba Máhin lẹ́nu wa, wọ́n so “land” tiwọn mọ́ ọn nídìí.

*

Àwọn baba ńlá wọn ti ṣe irú ẹ̀ rí. Níbi tí odò Moselle ti wọnú Rhine, àwọn ará Róòmù tẹ ìlú kan dó, wọ́n pè é ní Confluentes, ìpàdé odò. Lẹ́nu àwọn ará Jámánì, ó di Koblenz. Colonia, orúkọ Látìn mìíràn, di Köln. Wọn ò túmọ̀ ọ̀kankan. Bí etí ṣe gbọ́ ọ ni ẹnu ṣe tún un rọ.

*

Zürich ló wù mí jù. Turicum ni lédè Látìn. Láyé àtijọ́, T tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ di “ts” lẹ́nu àwọn ẹ̀yà Jámánì ìhà gúúsù. T ti Turicum bá wọn yí di Z, tí wọ́n ń pè ní “ts”, a sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé orúkọ náà ti wà lẹ́nu wọn kí ìyípadà yẹn tó dé. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló jẹ́rìí.

*

Castra, ibùdó ọmọ ogun lédè Látìn, ló wà nínú Manchester àti Lancaster nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ onítàn gbà pé ibùdó ogun lédè Ẹ̀dó ló wà nínú Èkó náà.

*

Látìn pàápàá dé etíkun wa, nípasẹ̀ Potogí ọmọ rẹ̀. Lagos, adágún omi. Escravos, ẹrú. Odò Benin, tó bọ́ sókun ní ìlà-oòrùn wa, ni wọ́n pè ní Rio Formoso, odò ẹlẹ́wà. Formoso ti kúrò lẹ́nu èèyàn. Escravos ṣì wà lójú máàpù. Ó ń dùn mí pé èyí tó rántí ọjà èèyàn ló pẹ́ jù.

*

Yorùbá ajùmọ̀lò kì í fi U bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ̀ka èdè wa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá pe Ugbò, ìlú wa kan, níbikíbi tó ti wá, ẹnu Ìlàjẹ ló yá lò.

*

Òkun ń jẹ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947. Ilé lè ṣí lọ sókè ilẹ̀, orúkọ lè bá a lọ. Ṣùgbọ́n àwọn abúlé etíkun wa, Awoye, Molutehin, Abereke, bí máàpù ṣe kọ wọ́n nìyí, láìsí àmì ohùn, kò sì lè sọ bí a ṣe ń pè wọ́n. Kí a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n, abúlé kan tẹ̀lé òmíràn, láti Àràròmí Seaside lọ sí ìlà-oòrùn. Fóònù ọwọ́ wa tó o ṣe.