Afárá Mẹ́ta ní Dazaifu

Ní ìlú Dazaifu, ní erékùṣù Kyushu ní ilẹ̀ Jàpáànù, ojúbọ ńlá kan wà tí àwọn ẹlẹ́sìn Shinto kọ́ sórí ibojì Sugawara no Michizane. Ọ̀mọ̀wé ni ọkùnrin yìí, ó sì wà ní ipò gíga láàfin ọba. Ní ọdún 901, wọ́n fi ẹ̀sùn èké kàn án, wọ́n sì lé e lọ sí Dazaifu, níbi tí ó kú sí ní ọdún 903. Orí yéye ní Mògún, ti àìṣẹ̀ ló pọ̀. Nígbà tí àjálù ń já lu olú-ìlú léraléra lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ènìyàn gbà pé ìbínú rẹ̀ ni. Wọ́n tù ú lójú. Nígbà tí ó sì yá, ó di òrìṣà ìmọ̀ ìwé. Nítorí náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wọ́ lọ síbẹ̀ bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Èrèlé, ọmọkùnrin méjì tí wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré lọ síbẹ̀. Ọ̀kan ti wọ yunifásítì. Èkejì ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwọlé ní ọdún tí ó ṣáájú, ó sì kù díẹ̀ kí ó tún un ṣe.

Afárá mẹ́ta ni wọ́n gbà kọjá lórí adágún omi: ti àná, ti òní àti ti ọ̀la. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé ènìyàn kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn lórí èkínní, kò gbọdọ̀ dúró lórí èkejì, kò sì gbọdọ̀ kọsẹ̀ lórí ẹ̀kẹta. Síbẹ̀, lórí afárá àná, ọmọkùnrin tí ó fìdí rẹmi dúró, ó sì bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí fún un pé, "Láti èṣí ni o ti ń wo ẹ̀yìn. O ti rí i pé ìṣirò ni ó gbé ọ ṣubú, o sì ti ń kọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Kí ni o tún ń wá níbẹ̀?"

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọkùnrin náà ti ṣe ti àgbà. Ó ku kí ó ṣe ti ọmọdé. Ó yíjú, ó sì ń lọ.

Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n yọ́ ẹnu. Wọ́n sọ owó sínú àpótí, wọ́n tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tún tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin náà ra pátákó pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí àwọn olùjọsìn ń kọ ẹ̀bẹ̀ wọn sí. Ó ronú pẹ́ kí ó tó kọ ọ́ pé: "Jẹ́ kí n rántí ohun tí mo ti kọ́." Kò tọrọ ohun tí kò ṣiṣẹ́ fún. Ó so ó mọ́ àárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí ó gbé wọn padà sílé, ó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bi í ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.