Ní Ìsẹ́yìn, Ìlú Aláṣọ Òkè: Bí Wọ́n Ti Tún Ọwọ́ Mi àti Kẹ̀kẹ́ Mi Ṣe

Bí ẹ bá ń ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìsẹ́yìn, ọ̀nà náà kò ju bíi kìlómítà 40 lọ. Ẹ ó kọjá ní Fáṣọlá, níbi tí oko ńlá ìjọba wà, ẹ ó sì gun afárá odò Ògùn kí ẹ tó rí òrùlé Ìsẹ́yìn. Ẹni tí ó wọ mọ́tò kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere ni yóò rí igi òrí àti igi igbá, àwọn Fúlàní pẹ̀lú màlúù wọn, àti àwọn obìnrin tí wọ́n to iṣu síwájú ilé. Ìdí nìyí tí mo fi mú kẹ̀kẹ́ lọ. Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe ọmọdé: Raleigh ni, irú èyí tí àwọn tíṣà àti akọ̀wé ń gùn láyé àtijọ́, tí bíréèkì rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá irin dípò wáyà. Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ilé iṣẹ́ ibẹ̀ sì ti ṣíwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣíṣe láti ọdún 2002.

Mo ti kọjá afárá nígbà tí ọ̀kadà kan tí ó di àpò èédú méjì sẹ́yìn fẹ́ yà mí sílẹ̀. Àpò kan há mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi. Kí n tó pe Bísímílàhì, mo ti wà nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ wà lórí mi, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sì ń yí gbọ̀ngbọ̀n bí òkòtó tí ó fẹ́ ṣubú. Ọlọ́kadà náà kò sá lọ, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ èédú rẹ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ mi dé Ìsẹ́yìn, kí ó tó padà lọ kó ẹrù rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Agbo ilé àwọn ahunṣọ ni ó gbé mi lọ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí ń ta òwú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra aṣọ òkè fún ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, ẹ ìbá wá wo bí ó ti ń jáde. Wọ́n na òwú gbọọrọ sórí ilẹ̀ bí ọ̀nà tóóró, wọ́n fi òkúta tẹ ìdí rẹ̀. Ahunṣọ jókòó lẹ́yìn òfì, ọ̀kọ̀ ń fò láti ọwọ́ kan sí èkejì, ẹsẹ̀ ń tẹ̀ nísàlẹ̀. Aṣọ tí ń jáde kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gé e tí wọ́n rán an pọ̀ ni ó ń di ìró. Ẹtù aláró wà níbẹ̀, sányán wà, àlàárì pupa wà. Láti òwúrọ̀ dé àṣálẹ́ ni ẹ ó máa gbọ́ ìró òfì, ẹni tí ara ń ro kò sì lè sùn lọ́sàn-án.

Màmá kò tíì bèèrè orúkọ mi tí ó fi bu omi mímọ́ àti ọṣẹ. Ó fọ orúnkún mi tí ó bó, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ké. Ẹ̀yin ìyá, egbò ojú ọ̀nà kò fẹ́ epo mọ́tò, kò fẹ́ eérú. Omi tí ń ṣàn àti ọṣẹ ni ó fẹ́, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, èyí tí ń dènà àrùn tí ń di èèyàn lẹ́nu pa.

Ọwọ́ òsì ni ọ̀rọ̀ wà. Kò wú púpọ̀, mo sì lè yí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá na àtàǹpàkò yín sókè, ẹ ó rí kòtò kékeré kan ní ìdí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn-ọwọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fìka tẹ ibẹ̀ lára mi, omijé a bọ́. Àwọn ọmọ ilé pe teguntegun. Bàgbà tí ó mọṣẹ́ ni, n kò ní bú u. Ó fọwọ́ wá a, ó ní kò ṣẹ́, ó rọ́ lásán ni, ó sì fẹ́ fi ọparun dì í.

Màmá kúnlẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ọmọ àbúrò mi ni wọ́n dì le koko lọ́jọ́sí. Ìka rẹ̀ tutù, ó dúdú, wọ́n ní kí ó fara dà á. Ọwọ́ náà ò bá a délé mọ́.” Bàbá náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé mi lọ ya fọ́tò eegun, inú mi sì dùn sí i gidigidi pé kò jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín, nítorí àwọn ọmọ yín ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó ṣubú a máa na ọwọ́ sílẹ̀ láti gba ara rẹ̀ là. Eegun kékeré kan wà nísàlẹ̀ kòtò yẹn tí ó lè sán, kí fọ́tò àkọ́kọ́ má sì fi í hàn rárá. Ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ, apá kan ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà wọlé, nítorí náà kì í tètè jiná. Bí a bá sì pa á tì, ó lè má so mọ́ra mọ́, kí ọwọ́ náà máa ro olúwarẹ̀ nígbà gbogbo. Fọ́tò mi àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan hàn. Síbẹ̀ dókítà fi P.O.P. sí i, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo padà lọ, ìlà kan hàn, tín-ín-rín bí irun orí. Ó tún fi òmíràn sí i, ó ní bí ìka mi bá tutù, tàbí tí ó kú tipiri, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, kí n má dúró de ilẹ̀ mọ́ kí n tó sáré wá.

Àlùwàlá ni mo ń bẹ̀rù. Àfáà àdúgbò rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní kí n fọ ibi tí omi lè dé, kí n sì fi ọwọ́ tútù pa orí P.O.P. náà, ó ti tó. Ẹ̀sìn kò ní kí a ba oògùn jẹ́.

Kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ti ṣọ̀wọ́n, ọ̀kadà ni àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́, ṣùgbọ́n a rí bàbá kan. Mo rò pé ẹsẹ̀ iwájú tí ó wọ́ bí ewé gbígbẹ ni yóò kọ́kọ́ wò. Kò wò ó. Ó dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó mú àkísà, ó nu fọ́ọ̀kì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fi èékánná wá ojú ọ̀dà. Ní ọrùn fọ́ọ̀kì, ọ̀dà ti ká jọ, ìpẹtà sì ti yọ ní ìlà kan. Mo ní kí ó nà án tààrà. Ó wò mí lójú.

“Ọ̀gá, irin tó wọ́, mo lè nà án. Èyí tó ti sán, bí mo nà án, ojú rẹ̀ á dán, ẹ ó sì gùn ún. Ọjọ́ tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè ló máa já.”

Kò gbà láti tọ́wọ́ bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí jórinjórin jó o pọ̀. Fọ́ọ̀kì àlòkù ni ó wá fún mi, ó sì gba ọjọ́ 9 kí ó tó rí i.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni ó wá kù. Sípóòkù 32 ni iwájú irú kẹ̀kẹ́ yẹn ní, ẹ̀yìn ní 40. Bí rímù bá fì sí òsì, a ó fún sípóòkù apá ọ̀tún ní ibẹ̀ le, a ó dẹ ti òsì díẹ̀, ìdajì yíyí lẹ́ẹ̀kan, a ó sì tún yí ẹsẹ̀ náà wò. Ó ṣe é ní ọ̀sán méjì, ó ń so ẹfun mọ́ igi láti fi mọ ibi tí ó ń gbá. Nígbẹ̀yìn ó mi orí: rímù ti pọ́n ní ojú kan, kò ní dúró. A ra òmíràn.

Mo fẹ́ kó rímù wíwọ́ náà fún àwọn onírin àlòkù, Màmá sì gbà á lọ́wọ́ mi. Òwú tí ọ̀kọ̀ ń lò, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń ká a nínú agbo ilé náà, tiwọn sì ti gbó. Wọ́n gbé tèmi ka orí igi. Ó ń mì díẹ̀ bí ó ti ń yí, òwú kò sì já. Ọmọbìnrin kékeré kan ni wọ́n fi sídìí rẹ̀. Títí dókítà fi gé P.O.P. kúrò ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, tí ọwọ́ mi jáde ní rírù bí ti ọmọ aláìsàn, ìdí rẹ̀ ni èmi náà ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, tí mo ń fi ọwọ́ òsì yí i díẹ̀díẹ̀ kí iṣan má baà gan.